Ahọ́n Obìnrin Ìsàlẹ̀ Ilé

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Ọ̀wàrà

Fèrè ti lẹ ìwé mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà. Ìpàdé àwọn onílé, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó ń bọ̀, nínú yàrá ìsáṣọ, kí kálukú gbé àga tirẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀: ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀. Ṣé kí Lenka, obìnrin àjèjì tó ń tajà níbẹ̀, máa bá a lọ, àbí kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Fèrè fẹ́ kó o fún ọkọ ọmọ rẹ̀ kó máa ta wáìnì. Kò kọ ìyẹn sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ilé yìí.

(Fèrè ni Kubánek, alága wa. Imú rẹ̀ tó ń fọn ló sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, láti àjà kẹta ni mo ti ń gbọ́ ọ.)

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì. Lenka jáde láti ìdí àpótí owó, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n kọ́ òun. Mo ní kí n kọ́ ọ ní kí ni? Ní èdè Czech. Mo ní kí wá lò ń sọ láti gbogbo ọdún yìí wá? Ó ní ẹnu òun ni kò dára. Pé òun fẹ́ dìde ní ìpàdé, kí òun sọ tẹnu òun fúnra òun, kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ ọ́. Bí wọ́n bá gba ṣọ́ọ̀bù, ìdí tábìlì ní ọjà ẹnubodè ni òun máa padà sí, nínú òjò àti yìnyín, bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ò tún lágbára ẹ̀ mọ́.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n sọ jù, Màmá."

Ìwọ! Sí èmi Vlastimila Hrubešová, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin! Bí ẹni pé a jọ da ewúrẹ́. Bí gbogbo àwọn àjèjì ọlọ́jà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Inú ọjà ni wọ́n ti kọ́ èdè wa, a ò sì fi "ẹ" kí wọn rí níbẹ̀, ibo ni wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ọ?

Mo gbà. Àánú kọ́. Gbogbo ìgbà ayé mi ni mo fi ṣe olùkéde ní ibùdókọ̀ ojú irin Přerov. Ohùn mi ló ń sọ fún ènìyàn pé ọkọ̀ rẹ dé, sáré. Ní báyìí ẹ̀rọ ló ń sọ ọ́: obìnrin kan tí kò sí láyé, tó ń gé ọ̀rọ̀ bí ẹni ń gé àlùbọ́sà. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó nílò ẹnu mi. Nítorí náà mo gbà.

Mo ní ìbò kan o. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tí màá gbé ọwọ́ mi sí. Irin ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń jí mi láràárọ̀.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Ọ̀wàrà

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, nílé mi, lẹ́yìn tó ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó kéré tán ẹnìkan ti kọ́ ọ ní ìyẹn. Mo gbé dígí síwájú rẹ̀.

Mo ní kó sọ *čtvrtek*. Ọjọ́bọ̀ lásán-làsàn, tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń sọ. Ó ní "ti-vá-tẹ". Mo ní kò sí "i" níbẹ̀, kò sí "a" níbẹ̀, ta ló ránṣẹ́ pè wọ́n? Ó ní báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ tí kò sí fáwẹ̀lì gidi nínú ẹ̀, ibo ló ti máa mí? Mo ní a kì í mí. Kó parí ọ̀rọ̀ ná.

Ìparí ọ̀rọ̀ — kò sí. Ó ń jẹ ìdí gbogbo ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ebi ń pa. Fáwẹ̀lì tó gùn, ó gé e. Èyí tó kúrú, ó fà á. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní àwọn oníbàárà. Mo ní ó hàn.

Lẹ́yìn náà la dé orí *ř*. Háà. Lẹ́tà tí ọmọ tiwa gan-an ń lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ fún kó tó wọ iléèwé. Ahọ́n á máa gbọ̀n lẹ́yìn eyín òkè, atẹ́gùn á sì máa há gba ibẹ̀ jáde lẹ́sẹ̀ kan náà. Nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò bá lè ṣe nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan, kó wá orílẹ̀-èdè mìíràn lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó wo dígí, ó yọ ahọ́n, ó ní "ž". Mo ní rárá. "Ž." Mo ní rárá! Přerov. "Pžerov."

Ìlú tí kò lè pe orúkọ rẹ̀ ló ń gbé. Mo sè kọfí kí n má baà pariwo.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Ọ̀wàrà

Ó rí mi lórí àtẹ̀gùn, ó pariwo "ti-vá-tẹ!" ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo pòṣé.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Ọ̀wàrà

Òjò. Mo jókòó, mo ń ro ti ẹnu àwọn ènìyàn.

Àwọn ará Prague: wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọrin fún ọmọ tó ń sunkún. Àwọn ará Ostrava: ẹnu wọn kúrú, gbogbo fáwẹ̀lì ni wọ́n ń gé lọ́rùn, bí ẹni pé wọ́n ń gba owó lórí rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n: ẹ má jẹ́ n sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé òní ò tiẹ̀ la ẹnu mọ́.

Òyìnbó London kan wà ní iléèwé èdè tó wà lẹ́bàá odò. Ó ti pẹ́ níbí ju Lenka lọ, ó fẹ́ ọmọ wa, kò sì mọ̀ ju kó pe bíà lọ. Bó bá pe bíà, gbogbo ilé ọtí á pàtẹ́wọ́: "Ẹ wò ó, ó mà gbìyànjú!" Lenka ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ kùtù títí ilẹ̀ fi ń ṣú, pẹ̀lú gbogbo wa, lórí ìyẹ̀fun, lórí bátìrì, lórí egbò ẹsẹ̀ arúgbó àjà karùn-ún. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un rí. Torí pé òótọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn obìnrin náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù Ọ̀wàrà

Fèrè dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó gbé búrẹ́dì dání, nínú àpò ṣọ́ọ̀bù Lenka.

Ó ní òun gbọ́ pé mo ti di tíṣà. "Ẹyẹ lẹ̀ ń kọ́ lọ́rọ̀ yẹn, Ìyáàfin Hrubešová. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ̀yin náà sinmi. Bó bá sọ ọ́ títí di ọ̀la, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀." Ó wá fi ọwọ́ gbá mi léjìká — ọwọ́ yẹn! — ó ní ìbò mi kúkú ti wà lápò òun.

Ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀, inú ọ̀fun ló ti ń sọ "r". Ó ń fi í yọ ẹnu bí ẹni ń fi omi iyọ̀ fọ ọ̀fun. Ìyá rẹ̀ ìbá gbé e lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú nígbà tó wà lọ́mọdé, à bá ti sinmi. Ó sì ń gbọ́ Lenka dáadáa bó bá ń sọ iye tí bíà jẹ́ fún un.

Mi ò sọ ọ́ sí i lójú. Mo yọ ṣùtì sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù Ọ̀wàrà

Mo ṣí ìgò wáìnì kan. Lenka gbé ife méjì wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù mi, inú rẹ̀ ń dùn. Mo ní ìdérí ni mo ń wá. Mo ti kọ́ọ̀kì ìgò náà bọ àárín eyín rẹ̀, mo ní kó kà. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà. Bí kọ́ọ̀kì bá wà lẹ́nu, ètè á ṣiṣẹ́ tí ètè ń sá fún.

Ìwé àkókò ọkọ̀ mi àtijọ́ ni mo gbé fún un. Mo ní kó kéde. Ọkọ̀ kíákíá tó ń lọ sí Břeclav. Ọkọ̀ gbogbo-ibùdó tó ń lọ sí Kroměříž. Èyí tó ti Třinec dé. Ó kéde. Itọ́ bo ìwé mi. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ọkọ̀ bá tẹ̀ lé e, inú odò ni ọkọ̀ máa lọ. Ó fẹ́ fi ipá lé "ř" ti Kroměříž jáde, ni kọ́ọ̀kì bá fò, ó bọ́ sínú kọfí mi gbàmù.

Mo rẹ́rìn-ín. Ó yà mí lẹ́nu. Òun náà rẹ́rìn-ín, títí omi fi yọ lójú wa. Mo wá rántí ara mi, mo ní kó gbé kọ́ọ̀kì padà sẹ́nu.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Ọ̀wàrà

Irin ìlẹ̀kùn kò jí mi lónìí. Mo bi í. Ó ní òun fi òróró sí i. Ó yẹ kó ti ṣe é tipẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù Ọ̀wàrà

Ọmọ Lenka dé láti Brno, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ amòfin. Trâm lorúkọ rẹ̀ nílé wọn. Simona ni wọ́n ń pè é níléèwé, nítorí tíṣà rẹ̀ kò lè pe èkejì. Ẹnu ọmọ náà mọ́ tónítóní. Mo tẹ́tí wá àbùkù lára rẹ̀, mi ò rí, àfi ohùn Brno díẹ̀.

Ó gòkè wá bá mi, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi bó ṣe yẹ kí ó tó bú mi. "Ẹ má bínú, Ìyáàfin. Ìgbà wo lẹ máa tó jọ̀wọ́ màmá mi? Ó ti fi kọ́ọ̀kì ha ètè. Èmi ni màá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, mo mọ òfin, ó tán." Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni òun ti ń bá a sọ ọ́: lọ́dọ̀ dókítà, ní ọ́fíìsì ìjọba, níwájú tíṣà òun fúnra òun. Tíṣà á ní ọmọ yìí kò gbọ́ràn, òun á sì yí i sí rere fún ìyá òun.

Ìyá ti tẹ̀ lé e gòkè, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn, kò gùn. Ọmọ náà dìde. Mo ní kí ló wí? Kò fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tó ń wọ bàtà ló tó sọ ọ́.

"Ó ní ó ti sú òun láti máa ṣe ọmọ fún ọmọ òun."

Ó padà sí Brno láì sọ̀rọ̀ ìpàdé mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Ọ̀wàrà

Ìsinmi orílẹ̀-èdè. Àsíá ní gbogbo ojú fèrèsé. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ńlá tì, Lenka nìkan ló ṣí. Fèrè wà níbẹ̀, ó ń ra bíà fún òmìnira.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù Bélú

Ọjọ́ àwọn òkú. Mo gbé òdòdó lọ sí sàréè ọkọ mi. Lenka ní òun á bá mi gbé garawa omi. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó tan àbẹ́là, ó bi mí lórúkọ rẹ̀ kó lè kí i. Oldřich. Ó tẹrí ba, ó ní, "Káàárọ̀, Bàbá Oldžich." Mo tún un ṣe fún un níbẹ̀, lójú òkú. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Bí Oldřich ṣe mọ̀ mí, kò ní yà á lẹ́nu.

Nígbà tí à ń bọ̀, ó sọ ohun kan tí mi ò mọ̀. Ní ọdún tó kọ́kọ́ dé, yàrá tí wọ́n ń gbé kò ní iná ìmúlégbóná. Ibùdókọ̀ ló máa ń lọ jókòó sí, nítorí pé ó gbóná, wọn kì í sì í lé ènìyàn. Ohùn mi ló ń gbọ́ níbẹ̀ látàárọ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mọ̀ nínú èdè wa, ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ: *zpoždění*. Ọkọ̀ ti pẹ́. Ó ní òun rò ó nígbà yẹn pé ìkíni ni, torí mo máa ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́. Ó ní bí òun bá ti gbọ́ mi, ọkàn òun á balẹ̀, pé ẹnìkan wà tó mọ ibi tí kálukú ń lọ.

Mo ní nígbà tèmi ọkọ̀ kì í pẹ́. Irọ́ ni. Ojoojúmọ́ ló ń pẹ́.

Inú mi dùn. Kí n má parọ́ fún ìwé.

Ọjọ́rú, 6 oṣù Bélú

Ó ní ó tó àkókò kí èmi náà pe orúkọ òun. Mo ní Lenka ńkọ́? Ó ní Lenka ni oníbàárà kan sọ òun nígbà tí kò lè pe orúkọ òun. Tuyết lorúkọ òun.

Mo pè é. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohùn gbọ́dọ̀ gòkè, kó sì já lójijì. Mo gbé e gòkè. Ó di tábìlì mú. Ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Mo gbìyànjú títí kọfí fi tutù. Èmi, tí mo kéde orúkọ gbogbo ìlú láti ibí dé Vienna! Mo ní èdè tó dára kì í gun òkè sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, ojú kan ló ń gbé. Ó ní, "Gbé dígí wá, Màmá." Aláìnítìjú.

Màá máa kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìgbélùú rẹ̀. Tuyết. Kíkọ kò le.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Bélú

Ìjà.

Ó ti kọ ohun tó fẹ́ sọ. Gbólóhùn díẹ̀ ni. Pé òun ti pẹ́ ní Přerov. Pé nígbà tí ẹ̀rọ agbéniròkè bàjẹ́, òun ló ń ru ẹrù àwọn àgbà gòkè. Pé irin ìlẹ̀kùn kò ní pariwo mọ́. Pé òun fẹ́ dúró. Mo kà á, mo ní ó gbẹ. Mo fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wà sí i, ó fi bírò pa á rẹ́. Ó ní òun ò lè sọ ohun tí òun kì í sọ.

Mo ní ó dára, jẹ́ ká yọ gbogbo "ř" kúrò níbẹ̀. Dípò Přerov, kó sọ "níbí". Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Olùkéde tó gbọ́n máa ń yí ọ̀nà gba ibi tí kò ní kòtò. Ó ní rárá. Ó ní kì í ṣe "níbí" lòun ń gbé, Přerov lòun ń gbé. Mo ní wọ́n máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, kí wọ́n wá gbọ́.

Olórí kunkun. Mo sọ pé mi ò kọ́ ọ mọ́. Ó ní, "Ó dàbọ̀, ó di Ọjọ́rú. Kọ́ọ̀kì ńkọ́, ṣé kí n gbé e lọ?"

Ọjọ́rú, 13 oṣù Bélú

Ó wá. Mo kọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù Bélú

A lọ dán an wò nínú yàrá ìsáṣọ, nígbà tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Mo ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi jókòó sí ìkángun, lẹ́yìn páìpù. Ó sọ ọ́ láti òkè délẹ̀.

"Ř" ò sí. Ó ti ń gbọ̀n díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan báyìí, bíi fóònù tó ń dún nínú àpò, lẹ́yìn náà ó padà di "ž". Ìdí ọ̀rọ̀ méjì ló jẹ. Ṣùgbọ́n "ẹ" ló ń fi bá wa sọ̀rọ̀, kò gbàgbé lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo sì gbọ́ láti ẹ̀yìn páìpù.

Mo sọ àṣìṣe rẹ̀ fún un, ó gùn. Mi ò sọ fún un pé mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Tíṣà kì í yin ni kí iṣẹ́ tó parí.

Mo ti mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ mi sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù Bélú

Àná ni ìpàdé. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Yàrá kún. Àga oríṣiríṣi. Ẹnìkan tiẹ̀ gbé àga tó fi ń pẹja wá. Aṣọ ìbora Fèrè wà lórí okùn, ó ní kí a fi sílẹ̀, kò tíì gbẹ, nítorí náà ńṣe là ń yọ orí wo ara wa lábẹ́ rẹ̀. Tuyết jókòó lẹ́nu ọ̀nà lórí àpótí bíà tó dojú dé. Kò ní ìbò, kì í ṣe onílé. Fèrè ní a máa fún un láyè kó sọ ọ̀rọ̀ kékeré.

Fèrè kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ariwo, páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn. Pé ṣọ́ọ̀bù wáìnì máa fa irú ènìyàn mìíràn wá sílé wa. Imú ń fọn. Ó wá ní, "Ó yá, Lenka, sọ tìẹ."

Ó dìde. Ó ní, "Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin aládùúgbò mi. Mo ti pẹ́ ní Přerov." "Ž" pọ́ńbélé ló sọ. Ẹnìkan fi imú rẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ ìbora. Fèrè fi ọwọ́ sí etí. "Kí ló wí? Mi ò gbọ́ ọ." Tuyết tún un sọ, ó rọra sọ ọ́. Fèrè ò yọ ọwọ́ létí. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé ẹ̀yin gbọ́?" Gbogbo wọn, tó jẹ́ pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀! Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ojú tì mí nítorí wọn, inú sì bí mi.

Tuyết kò jókòó. Ó fa èémí, ó tún la ẹnu.

Mo dìde. Níbi iṣẹ́ wa, bí èrò bá ní àwọn ò gbọ́, a máa ń tún un sọ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì la ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀, bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Mo ní, "Mo tún un sọ." Ohùn yẹn ni mo fi sọ ọ́, èyí tó ń kún gbogbo pèpéle láì lo agbára. Kò tíì kúrò lára mi! Tuyết sọ gbólóhùn kan, mo tún un sọ. Ó sọ òmíràn, mo tún un sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ó dákẹ́. Èmi ò dákẹ́, mo ti mọ ọ́n sórí. Mo sọ ọ́ dé ìparí, mo sì dá ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wà tó parẹ́ padà sí àyè wọn. "Ř" mi ń ta bí iná.

Arúgbó àjà karùn-ún ń nu ojú, ó ní ó ṣe òun bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ wọlé. A dìbò. Gbogbo ọwọ́ ló gòkè, tèmi náà, àfi ti Fèrè àti tọkọtaya àjà kejì. Ṣọ́ọ̀bù dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́, èmi ni wọ́n kọjú sí.

Mo sùn bí ọmọ ọwọ́. Mi ò rí Tuyết nígbà tí a jáde. Àpótí bíà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù Bélú

Gbogbo ènìyàn ń kí mi lórí àtẹ̀gùn. Fèrè pàápàá bọ́ fìlà. "Ìyáàfin Hrubešová, ọwọ́ yín dá ṣáṣá lórí iṣẹ́ ògbufọ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ gbọ́ èdè wọn."

Mo ti rẹ́rìn-ín kí n tó gbọ́ ohun tó sọ. Èdè wa ni Tuyết sọ ní ìpàdé. Èdè wa ni mo tú sí èdè wa, níwájú gbogbo ilé.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù Bélú

Tuyết ti ní ṣáájú ìpàdé pé òun á wá lónìí ká jọ jẹ kéèkì. Mo gé kéèkì. Kò wá.

Ọjọ́ Ajé, 25 oṣù Bélú

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo dúró títí èrò fi tán.

Mo ní kò wá jẹ kéèkì. Ó ní òun mọ̀. Ó dúpẹ́ nítorí ṣọ́ọ̀bù. Ó nu orí tábìlì, ibẹ̀ kò dọ̀tí.

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkùnrin àjà kejì dá bátìrì padà. Tuyết ní kò ra èyí lọ́dọ̀ òun. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ sí etí, ó ní òun ò gbọ́, kó lọ pe Màmá òkè kó wá tú u. Lánàá, ọmọbìnrin kan tó ti ń ra súìtì lọ́wọ́ rẹ̀ láti kékeré ní kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, òun ò gbọ́. Lówùúrọ̀ yìí, ẹlòmíràn. Ó ní láti gbogbo ọdún yìí wá, bí ẹnu òun ṣe burú tó, wọ́n ń gbọ́ òun. Láti ọjọ́ ìpàdé, wọn ò gbọ́ òun mọ́.

Inú bí mi. Mo ní aláìmoore ni. Mo ní tí kì í bá ṣe tèmi ni, ọjà ẹnubodè lò bá wà báyìí, nínú yìnyín. Mo tún sọ àwọn nǹkan mìíràn, lórí ahọ́n rẹ̀, lórí gbogbo kọfí tí mo sè.

Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù wà, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kejì tí mo tún un sọ yẹn, wọ́n ti ń gbọ́ mi. Ó kù díẹ̀ kójú tì wọ́n, kí wọ́n gbà pé àwọn gbọ́. Ẹ ò jẹ́ kójú tì wọ́n."

Oníbàárà kan wọlé. Ó gbé búrẹ́dì mi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "*Příště seďte, prosím.*" Nígbà míì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó.

Mo gun àtẹ̀gùn, mo ń bú u láti àjà kan dé èkejì. Mo dé inú ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe nínú gbólóhùn náà, wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. "Ř" rẹ̀ bàjẹ́. Fáwẹ̀lì gígùn, ó gé e. Ìparí ọ̀rọ̀, ó jẹ ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́. Mi ò ní kó tún un sọ.